Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ọ̀rọ̀ Oògùn Àwọn Ọmọ Tí Kò Lè Fọkàn Sí Nǹkan

Àwọn àgbà Yorùbá ló sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tí orí ń fọ́, tí wọ́n sì bẹ́ lórí, òótọ́ ni pé orí kò ní fọ́ ọ mọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò kù láti jẹ ìgbádùn ìwòsàn náà? Òwe yìí bá ọwọ́ tí Nàìjíríà fi mú irú oògùn kan mu. Oògùn náà ni èyí tí ń ta ọpọlọ jí, tí àwọn dókítà ń kọ fún ọmọ tí kò lè fọkàn sí nǹkan. Nítorí ìbẹ̀rù pé àwọn kan yóò ṣì í lò, ó ti ṣọ̀wọ́n débi pé ọmọ tí ó nílò rẹ̀ kì í rí i. Ẹni tí ó sì ń wá ohun tí yóò pa á bí ọtí kò tìtorí èyí ṣe aláìríkan rà ní ìgboro.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí, kí ó fojú inú wo ọmọ kan ní Lákọ̀wé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí. Ìlú yìí wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ láti Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, téèyàn bá ti kọjá Ajah, Ṣàngótẹ̀dó àti Awoyaya. Ẹsitéètì olówó ńlá wà níbẹ̀, pẹ̀lú pápá gọ́ọ̀fù àti adágún omi. Ilé oníyàrá kọ̀ọ̀kan tí àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn oníṣòwò kéékèèké ń gbé sì wà nítòsí rẹ̀. Ọmọ tí à ń wí yìí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó gbọ́n, nítorí ó lè tú rédíò palẹ̀ kí ó sì tún un tò. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ní kí wọ́n kọ ìlà mẹ́wàá, ìlà kejì ni tirẹ̀ máa ń parí sí. Kò lè jókòó pẹ́. A máa dáhùn ìbéèrè kí olùkọ́ tó bi í tán. Bí wọ́n bá ra ìwé tuntun fún un ní ọjọ́ Ajé, kò ní rí i mọ́ kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ní ilé, bí ìyá rẹ̀ bá rán an ní iṣẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan ni yóò jẹ́, yóò sì gbàgbé méjì tí ó kù sí ojú ọ̀nà. Olùkọ́ ń pè é ní olódo, àwọn aládùúgbò ń pè é ní alágídí, bàbá rẹ̀ sì ti fi pàṣán ya ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi sú bàbá náà fúnra rẹ̀.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti rí ní àdúgbò kankan. Orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pe àìlera rẹ̀ ni ADHD. Ọpọlọ ọmọ náà kì í lè so àfiyèsí mọ́ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́, kì í sì í lè kó ara rẹ̀ níjàánu bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ń sáré kiri ni ó ní i. Kí dókítà tó lè sọ pé ọmọ ní i, àwọn àmì náà gbọ́dọ̀ ti wà fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ náà tó pé ọdún méjìlá. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ máa hàn ní ibi tí ó ju ẹyọ kan lọ, bí ilé àti ilé ẹ̀kọ́. Ẹjọ́ tí olùkọ́ kan ṣoṣo bá rò nípa ọmọ tí kò fẹ́ràn kò tó. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ kò gbọ́ràn dáadáa létí ni, tàbí pé kò ríran, tàbí pé ebi ni ó ń pa á, tàbí pé kì í sùn tó, ìtọ́jú mìíràn ni ó yẹ ẹ́.

Àwọn kan a máa sọ pé àìsàn òyìnbó ni èyí, pé ọmọ Yorùbá kì í ní irú rẹ̀. Àwọn dókítà Nàìjíríà ti dáhùn ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2007, Adewuya àti Famuyiwa tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó lé ní 1,000 ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 7 sí 12. Ìdá 8.7 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó ní àmì àìlera yìí. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe ní ìlú Benin, tí ó jáde ní 2011, rí ìdá 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìṣirò gbogbo àgbáyé tí ó jáde ní 2007 kan náà kò ju ìdá 5 àti díẹ̀ lọ. Nínú kíláàsì tí ogójì ọmọ wà, ìṣirò ti Nàìjíríà túmọ̀ sí pé ọmọ bíi mẹ́ta ni ó wà nínú ìṣòro yìí. Bí àìsàn òyìnbó bá ni, ó ti gbọ́ Yorùbá tipẹ́tipẹ́.

Kí ni àwọn ọmọ mẹ́ta náà ń rí gbà? Ohun tí ó kọ́kọ́ ń kàn wọ́n ni pàṣán. Yorùbá kò kórìíra ìbáwí. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ìbáwí wà fún ọmọ tí ó lè ṣe nǹkan, tí ó sì kọ̀ tí kò ṣe é. Ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ẹnikẹ́ni kì í nà án kí ó lè rí ohun tí wọ́n kọ sí pátákó. Gíláàsì ojú ni wọ́n ń wá fún un. Ohun kejì tí ó ń kàn wọ́n ni àwọn tí ń lé ẹ̀mí àìmọ̀. Àdúrà kò burú, kò sì sí ẹni tí yóò ní kí ìyá má gbàdúrà lé ọmọ rẹ̀ lórí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni ibi tí wọ́n ti ń so ọmọ mọ́lẹ̀, tàbí tí wọ́n ti ń fi ebi pa á ní orúkọ ààwẹ̀, nítorí ohun tí dókítà lè yẹ̀ wò ní ọ̀sán gangan.

Oògùn tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1937, Dókítà Charles Bradley ń tọ́jú àwọn ọmọ ní ìpínlẹ̀ Rhode Island ní Amẹ́ríkà. Àyẹ̀wò ọpọlọ tí wọ́n ń ṣe nígbà náà a máa fi orí fífọ́ burúkú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, ni Bradley bá fún wọn ní Benzedrine, tí ó jẹ́ amphetamine, bóyá orí náà yóò rọlẹ̀. Orí fífọ́ náà kò lọ, àmọ́ àwọn olùkọ́ ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti ìwé wọn. Ní ọdún 1944, Leandro Panizzon, onímọ̀ kẹ́mísìrì ní ilé iṣẹ́ Ciba ní Switzerland, ṣe methylphenidate. Orúkọ ìyàwó rẹ̀, Rita, ni wọ́n mú sọ oògùn náà ní Ritalin nígbà tí ó dé ọjà ní àwọn ọdún 1950. Láti ìgbà náà ni methylphenidate àti àwọn oògùn tí wọ́n ṣe láti ara amphetamine, bí Adderall, ti di ohun tí àwọn dókítà ilẹ̀ òkèèrè ń kọ fún ADHD.

Ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu pé oògùn tí ń ta ọpọlọ jí ni wọ́n ń fún ọmọ tí ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ oríta Ajah ní àárọ̀ yóò tètè lóye rẹ̀. Bí ẹni tí ń darí ọkọ̀ bá sùn lọ sí ẹnu iṣẹ́, gbogbo ọkọ̀ yóò rọ́ wọ oríta lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo yóò sì gba ibẹ̀ kan. Ẹni tí ó bá jí i ti dín ariwo kù, nítorí ọkọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá ní ẹsẹẹsẹ. Oògùn náà ń jẹ́ kí dopamine àti noradrenaline, àwọn èròjà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíràn, pẹ́ díẹ̀ sí i lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó kúrò. Apá ọpọlọ tí ń darí àwọn yòókù á wá jí. Irú oògùn kan ń ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí mẹ́rin, irú mìíràn ń lò tó wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni polówó rẹ̀ bí àgbo gbogboǹṣe. Kì í wo àìlera náà sàn. Bí agbára rẹ̀ bá ti tán lára, ọmọ yóò padà sí bí ó ti wà. Kì í jẹ́ kí oúnjẹ wu ọmọ jẹ, ó lè lé oorun lọ ní alẹ́, ó lè fa orí fífọ́, ó lè mú kí ọkàn máa sáré kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì ga sókè, ó sì lè fa ìdàgbàsókè ọmọ sẹ́yìn díẹ̀. Ìdí nìyí tí dókítà fi gbọ́dọ̀ wádìí bóyá àrùn ọkàn wà nínú ẹbí, kí ó máa wọn ọmọ náà, kí ó máa wo bí ó ṣe ń ga, kí ó sì máa ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe lórí ọmọ 579 ní Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní 1999, fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá, àwọn tí dókítà ń fi oògùn tọ́jú lójú méjèèjì sàn ju àwọn tí wọ́n kàn kọ́ òbí àti olùkọ́ wọn ní ọgbọ́n ìtọ́jú lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún mẹ́ta, ìyàtọ̀ náà ti pòórá. Oògùn yìí lè ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ, ṣùgbọ́n òbí àti olùkọ́ ni yóò mú un lọ́wọ́ wọlé.

Kí ló wá dé tí oògùn tí ó ti tó ọgọ́rin ọdún báyìí fi ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà? Ìbẹ̀rù ni, ìbẹ̀rù náà kò sì ṣàìnídìí. Àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ṣe ní ọdún 1971 lórí àwọn oògùn tí ń yí ọpọlọ padà fi methylphenidate sí ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú amphetamine àti methamphetamine. Láti ọdún 1989 ni Nàìjíríà ti dá NDLEA sílẹ̀ láti gbógun ti oògùn olóró. Ìwádìí tí ìjọba àti Àjọ Ìṣọ̀kan ṣe, tí ó dá lórí ọdún 2018, fi hàn pé ènìyàn mílíọ̀nù 14.3 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 64 ni ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ìjọba fòfin de ṣíṣe àti kíkó omi ikọ́ tí ó ní codeine wọlé. Ní ọdún 2021, ariwo mkpuru mmiri, ìyẹn methamphetamine, gba ilẹ̀ Ìgbò kan. Ní oṣù Keje ọdún 2022, NDLEA ya wọ ilé kan ní VGC, ní ojú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ kan náà tí Lákọ̀wé wà, wọ́n sì bá ibi tí wọ́n ti ń se methamphetamine níbẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ohun tí yóò lé oorun lọ. Obì ni àwọn ará àtijọ́ ń jẹ tí wọ́n bá fẹ́ ṣàìsùn, àwọn awakọ̀ òru sì ń jẹ ẹ́ títí di òní. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí ìwé kíkà mú kí orí wọn máa gbóná, tí ojú wọn ń ṣú, tí ohun tí wọ́n ń kà kò sì wọlé mọ́. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà orílẹ̀-èdè yìí ti ń kọ̀wé lórí àṣìlò àwọn oògùn tí ń ta ọpọlọ jí. Bí Ritalin bá di ohun tí wọ́n ń tà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bí pàrásítámọ́ọ̀lù, àwọn tí ń múra ìdánwò WAEC àti JAMB ni yóò kọ́kọ́ rà á tán. Yóò lé oorun wọn lọ, ṣùgbọ́n kò lè fi ohun tí wọn kò kà sí wọn lórí.

Gbogbo èyí jẹ́ òótọ́. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kan wà nínú ilé VGC yẹn. Àwọn tí ń se methamphetamine kò béèrè ìwé lọ́wọ́ dókítà, wọn kò sì dúró de àṣẹ NAFDAC. Títì tí a ti ìlẹ̀kùn mọ́ oògùn ilé ìwòsàn kò dí wọn lọ́wọ́ fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí ìlẹ̀kùn náà dí lọ́wọ́ ni ìyá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà tí ó tọ́ wọlé. Ojú ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń tọ̀, ṣùgbọ́n olófin nìkan ni òfin ń dá dúró.

Bí ìlẹ̀kùn iwájú bá ti wà ní títì, ojú fèrèsé ni àwọn ènìyàn ń gbà wọlé. Àwọn tí ó lówó ní inú ẹsitéètì ní ẹ̀gbọ́n ní London tàbí àbúrò ní Houston. Ọmọ mìíràn ti ń lo oògùn náà ní ọ̀hún kí àwọn òbí rẹ̀ tó kó padà wá sílé. Nítorí náà, inú àpótí ẹrù ni oògùn ń gbà wọlé, nígbà mìíràn láìsí dókítà kankan ní Èkó tí yóò máa wo ọkàn ọmọ náà tàbí tí yóò mọ̀ bí ó bá ń rù. Fèrèsé náà kò tilẹ̀ ṣeé gbára lé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kéde pé Adderall ti wọ́n. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ìjọba Bìrìtìkó náà kéde ọ̀wọ́n gógó oògùn ADHD. Ẹni tí kò rí tirẹ̀ ní Peckham, kí ni yóò fi ránṣẹ́ sí Lákọ̀wé? Ọmọ tálákà tí ń gbé lẹ́yìn ọgbà ẹsitéètì kò sì ní ẹnikẹ́ni ní òkè òkun. Pàṣán nìkan ni ó kù fún un. Àìlera kan náà ni ó ń ṣe ọmọ méjèèjì, ṣùgbọ́n ìkan ní oògùn tí kò ní dókítà, èkejì kò ní oògùn bẹ́ẹ̀ ni kò ní dókítà.

Àwọn tí ó lòdì sí i lè sọ pé Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, pàápàá kọ̀ ọ́. Òótọ́ ni pé ní ọdún 2019 àti 2021, wọ́n gbé methylphenidate síwájú ìgbìmọ̀ tí ń yan àwọn oògùn kòṣeémánìí fún gbogbo àgbáyé, ìgbìmọ̀ náà kò sì gbà á wọlé. Wọ́n ní ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ lórí àǹfààní àti ewu rẹ̀ kò tíì dá wọn lójú tó. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú di í. Ṣùgbọ́n ìwé ìtọ́nisọ́nà tí WHO kan náà ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà ọpọlọ kò lé oògùn yìí jáde. Ohun tí ó wí ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ òbí àti olùkọ́ ní bí wọn yóò ṣe máa bá ọmọ náà lò, pé bí ìyẹn kò bá tó, tí ọmọ sì ti kọjá ọdún mẹ́fà, kí wọ́n darí rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n oníṣègùn tí ó lè ronú kan methylphenidate. Ohun tí ó yẹ kí Nàìjíríà ṣe gan-an nìyẹn. Ìṣọ́ra ni ìwé náà béèrè, àìsí oògùn kò sì lè rọ́pò ìṣọ́ra.

Ìṣòro tí ó tún le ju ti oògùn lọ ni ti ẹni tí yóò kọ ọ́. Àwọn dókítà ọpọlọ tí ó wà ní Nàìjíríà kò tó 500 fún orílẹ̀-èdè tí ènìyàn inú rẹ̀ lé ní igba mílíọ̀nù, àwọn tí ó mọ ti ọmọdé kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, òkè òkun sì ń fà wọ́n lọ lójoojúmọ́. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yába, tí ó ti wà láti ọdún 1907, ní ẹ̀ka fún ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Òṣòdì. Láti Lákọ̀wé sí Òṣòdì lé ní 40 kìlómítà. Ìyá tí ń ta oúnjẹ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yóò pàdánù ọjà odidi ọjọ́ kan, yóò wọ ọkọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yóò sì jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pẹ̀lú ọmọ tí kò lè jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá lọ lẹ́ẹ̀kan, kò dájú pé yóò lọ lẹ́ẹ̀kejì, oògùn yìí sì jẹ́ oògùn tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa lò láìpadà sọ́dọ̀ dókítà.

Kò sí ìdí tí ọ̀rọ̀ yóò fi rí bẹ́ẹ̀ títí láé, nítorí ilẹ̀ Yorùbá ti kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ lórí irú nǹkan yìí rí. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró, ní ẹ̀bá Abẹ́òkúta. Dípò kí ó máa ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó ní kí wọ́n máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú ní ọ̀sán. Ohun tí Lambo mọ̀ ni pé ìtọ́jú ọpọlọ kì í jẹ́ bí kò bá sí níbi tí ẹbí wà. Ní Yunifásítì Ìbàdàn lónìí, ibùdó kan wà tí ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìmọ̀ ìlera ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olayinka Omigbodun tí ó jẹ́ aṣáájú níbẹ̀ sì ti jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ náà ní gbogbo àgbáyé. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ ti 1958, èyí tí orúkọ rẹ̀ pàápàá ń pe aláìsàn ní wèrè. Ìmọ̀ wà nílẹ̀, òfin sì ti wà nílẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí wọ́n dé Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní Akódò. Kí dókítà ọpọlọ ọmọdé kan máa wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n ti kọ́ sì máa wọn ọmọ, kí wọ́n máa yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wò láàárín oṣù. Kí olùkọ́ kan ó kéré tán ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan mọ bí a ti ń kọ ìròyìn ìhùwàsí ọmọ fún dókítà, kí ó sì mọ̀ pé gbígbé ọmọ bẹ́ẹ̀ wá síwájú kíláàsì àti gígé iṣẹ́ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ sàn ju pàṣán lọ. NAFDAC àti ilé iṣẹ́ ìlera ti ìjọba àpapọ̀ lè rí i pé methylphenidate wà ní fáàmásì àwọn ilé ìwòsàn ìjọba díẹ̀ tí wọ́n yàn, pé orúkọ gbogbo ẹni tí ó ń gbà á wà nínú ìwé, pé oògùn oṣù kan péré ni wọ́n ń fún un lẹ́ẹ̀kan, tí yóò sì padà wá kí ó tó gba òmíràn. Iṣẹ́ NDLEA ni láti ka ìwé náà, kí wọ́n sì mú ẹni tí oògùn bá sá lọ́wọ́ rẹ̀ dé ọjà. Irú ìṣọ́ bẹ́ẹ̀ yóò dáàbò bo akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wá ohun tí yóò lé oorun lọ ju bí nǹkan ṣe rí lónìí lọ, nítorí kò sí ẹni tí ń ka hóró oògùn tí ó wà nínú àpótí ẹrù.

Iṣẹ́ wà fún àwọn òbí pẹ̀lú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba oògùn yìí lọ́wọ́ aládùúgbò nítorí pé ọmọ aládùúgbò náà ń gbádùn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún ọmọ ní i nítorí pé ó gba ipò kejìlá, tí òbí sì ń fẹ́ ipò kìíní. Ọmọ tí ara rẹ̀ dá, tí kò kàn fẹ́ràn ìṣirò, kò ní àìsàn kankan. Òbí tí ọmọ rẹ̀ sì nílò oògùn lóòótọ́, kí ó má fi pamọ́ bí ẹni tí ó jalè. Àwọn àgbà ní ìka kò dọ́gba. Kò sí ìtìjú nínú pé ọpọlọ ọmọ kan nílò ọ̀pá ìtìlẹ̀yìn tí ti èkejì kò nílò.

Ọmọ kì í dúró de ìjọba kí ó tó dàgbà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní Lákọ̀wé yóò jókòó sí ìdánwò àṣewọlé sí ilé ẹ̀kọ́ girama láìpẹ́, ìwé ìdánwò náà kò sì ní béèrè bóyá ọpọlọ rẹ̀ lè jókòó. Bí ó bá kùnà, wọn yóò ní olódo ni, yóò gbà wọ́n gbọ́, yóò sì di ọ̀dọ́ tí kò ní ilé ẹ̀kọ́ tí yóò lọ. Irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn tí ń ta oògùn olóró ń wá kiri. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù oògùn olóró lóòótọ́, kí ó ronú nípa ìyẹn kí ó tó tún ti ìlẹ̀kùn ilé ìwòsàn mọ́ ọmọ náà.